Odò kan, alákòóso mẹ́ta: Ta ló yẹ kó jókòó sídìí ètò omi Èkìtì?

Ìgèdè-Èkìtì kò jìnnà sí Adó-Èkìtì rárá. Ìlú yìí, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, ni wọ́n mọ̀ sí orísun odò Ọ̀ṣun. Láti ibẹ̀ ni omi náà ti ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di odò ńlá tí wọ́n ń bọ lọ́dọọdún ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Odò yìí kan náà ni wọ́n sé ní Asẹ́jìrẹ́ kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu, òun náà ló sì ń lọ wọ ọ̀sà ní ìhà Lẹ́kí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba àpapọ̀, wọ́n ti gé odò náà sí méjì. Èkìtì, níbi tí orí odò wà, wà lábẹ́ àjọ Benin-Owena River Basin Development Authority, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Benin. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó, níbi tí ara àti ẹsẹ̀ odò wà, wà lábẹ́ àjọ Ogun-Oshun, tí olú iléeṣẹ́ tirẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Orí wà lọ́wọ́ ẹnìkan, ọrùn títí dé àtẹ́lẹsẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Omi tí wọ́n bá bà jẹ́ lókè odò, àwọn ará ìsàlẹ̀ ni yóò mu ún. Igi tí wọ́n bá gé lórí àwọn òkè Èkìtì, iyẹ̀pẹ̀ tí òjò gbá kúrò nídìí rẹ̀ yóò wá ibì kan kún. Yàtọ̀ sí èyí, ibi tí wọ́n bá ti ń ṣètò omi náà ni wọ́n ti ń pinnu ibi tí owó yóò lọ, ìlú tí yóò ní dáàmù, oko tí yóò rí omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti àdúgbò tí wọn yóò máa ṣèlérí fún. Ẹni tí kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń pín ẹran, egungun ni wọ́n sábà máa ń fi pamọ́ dè é. Ìdí nìyí tí ìbéèrè nípa ẹni tó ń ṣe olórí ìgbìmọ̀ odò, àti àwọn tó ń bá a jókòó, fi yẹ kó jẹ́ ìbéèrè gbogbo ilé ní Adó, ní Ìgèdè, ní Ìjerò, ní Àràmọkọ àti ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Ìtàn àwọn àjọ odò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1973, nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ni wọ́n dá méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀, ti Sokoto-Rima àti ti Chad Basin, lásìkò tí ọ̀dá ń fojú àwọn àgbẹ̀ òkè ọya rí màbo. Nígbà tó di ọdún 1976, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, àwọn àjọ náà di mọ́kànlá. Ìgbà yẹn ni Benin-Owena àti Ogun-Oshun bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1984, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari tún wọn tò, ó sọ wọ́n di méjìdínlógún, wọ́n sì jẹ́ kí ààlà wọn máa tẹ̀ lé ààlà ìpínlẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fi dá wọn padà sí mọ́kànlá. Lónìí, méjìlá ni wọ́n.

Ohun tí ìtàn kékeré yìí fi hàn ni pé ìjọba ti gbìyànjú láti fa ààlà sí ìhín, ó sì ti gbìyànjú láti fà á sí ọ̀hún. Ìgbà kan wà tí ààlà ń tẹ̀ lé odò, ìgbà kan sì wà tó ń tẹ̀ lé ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àtúntò náà, ohun kan ni wọn kò tún tò. Àwọn tó ń gbé létí odò kò fìgbà kan rí ní àga tó jẹ́ tiwọn níbi tí ìpinnu ti ń jáde. Orúkọ àjọ yí padà, iye rẹ̀ yí padà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan àwọn tó ń darí rẹ̀ kò yí padà.

Òfin tó gbé àwọn àjọ yìí ró wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004, iṣẹ́ tó sì gbé lé wọn lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní láti mú omi orí ilẹ̀ àti ti abẹ́ ilẹ̀ wúlò fún oríṣiríṣi iṣẹ́, pàápàá fún bíbomirin oko. Wọ́n ní láti gbógun ti àgbàrá àti ọ̀gbàrá tó ń jẹ ilẹ̀, kí wọ́n kọ́ dáàmù, kí wọ́n gbẹ́ kànga, kí wọ́n sì máa bójú tó ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń wọ odò. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òfin pa á láṣẹ fún wọn láti ní ìwé ètò kan tó kó gbogbo ọ̀rọ̀ omi agbègbè wọn pọ̀, kí wọ́n sì máa tún un ṣe lóòrèkóòrè. Ìwé náà gbọ́dọ̀ fi hàn iye omi tó wà, àwọn tó ń lò ó, bí ìgbé ayé wọn ṣe rí àti ipò tí àyíká wà. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè jókòó sínú ọ́fíìsì ní ìlú Benin kó mọ gbogbo èyí nípa ìṣàn omi tó wà lẹ́yìn oko kan ní Ìyìn-Èkìtì, àfi kí ẹni tó ni oko náà sọ fún un.

Àbújá ló ń yan àwọn tó ń ṣe olórí. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde àwọn alága àti ọ̀gá àgbà tuntun fún àwọn àjọ méjèèjìlá. Àwọn ààrẹ tó ti jẹ ṣáájú rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí ìjọba yan òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn mọ̀ pé ipò bí èyí wà lára ohun tí àwọn olóṣèlú fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lẹ́yìn ìbò. Ẹni tí wọ́n fi ipò dá lọ́lá yóò kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó dá a lọ́lá kó tó wo ojú odò. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn rere, tó mọ iṣẹ́, tó sì fẹ́ràn àwọn ará agbègbè rẹ̀, kò sí ọ̀nà kankan tí àgbẹ̀ tàbí apẹja fi lè bi í ní ìbéèrè kó sì di dandan fún un láti dáhùn.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, kì bá rọrùn díẹ̀. Àmọ́ alákòóso odò ní Èkìtì kì í ṣe ẹyọ kan. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi omi tó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sábẹ́ àṣẹ àwọn aṣòfin àpapọ̀. Ó wà ní ìlà kẹrìnlélọ́gọ́ta nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní tirẹ̀ fi ilẹ̀ inú ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ìwé òfin ọdún 1999 yẹn kan náà tún fi gọ́tà ojú pópó àti kíkó ìdọ̀tí sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Omi inú odò jẹ́ ti Àbújá, bèbè rẹ̀ jẹ́ ti gómìnà, ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹrù kánsù. Alákòóso mẹ́ta ló wà lórí odò kan ṣoṣo, kò sì sí ọjọ́ kan pàtó nínú ọdún tí òfin ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀ alágbàtọ́ kì í jẹ́ kí ọmọ yó, nítorí pé olúkúlùkù rò pé ẹnì kejì ti fún un ní oúnjẹ.

Adó-Èkìtì fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tó hàn gbangba. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ láti ara Oǹdó ni ìlú náà ti di olú ìlú, tí ilé sì ń tàn dé ibi tó jẹ́ oko àti igbó tẹ́lẹ̀. Dáàmù Ureje wà ní Adó níbẹ̀. Àwọn dáàmù tó tóbi jù ú lọ wà ní Egbe-Èkìtì àti ní Ìkún-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti sé odò Ero. Síbẹ̀, kànga inú ọgbà àti kànga ẹlẹ́rọ ni ọ̀pọ̀ ìdílé gbọ́kàn lé. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó ní ọdún 2014 láti fi tún iṣẹ́ omi ìlú ṣe ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta, Èkìtì, Bauchi àti Rivers, dáàmù Ero sì wà lára ohun tí wọ́n tún ṣe. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n páìpù tuntun kò lè fa omi tí kò sí nínú dáàmù, bẹ́ẹ̀ ni dáàmù kò lè gba omi mọ́ bí iyẹ̀pẹ̀ bá kún un. Àwọn tó ń dáko lókè dáàmù, àwọn tó ń gé igi, àwọn tó ń kọ́lé, ìwà wọn ló ń pinnu bí iṣẹ́ olówó ńlá bẹ́ẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó. Àwọn gan-an ni kì í sí níjòókòó nígbà tí ìpàdé bá ń lọ.

Àwọn odò Èkìtì ń lọ sí ibi tó jìnnà. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ gba ilẹ̀ Èkìtì kọjá sí ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì ń bá a lọ sí ilẹ̀ Ẹdó. Ọ̀wẹ̀nà náà lọ sí Oǹdó, níbi tí ìjọba àpapọ̀ ti kọ́ dáàmù lé e lórí. Ọ̀ṣun lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Lóòótọ́, ilẹ̀ olókè ni Èkìtì, òun ló ń pọnmi fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ láìgba owó. Ó yẹ kí ipò yìí fún un ní agbára níbi ìpàdé, nítorí ẹni tó ni orísun ní ohun tó lè fi dúnàádúrà. Bí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò bá fẹ́ kí àgbẹ̀ òkè odò fi igi sílẹ̀ létí omi, ó tọ́ kí wọ́n mọ ohun tí àgbẹ̀ náà yóò fi rọ́pò èrè tó pàdánù. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ìjókòó, kò sí ìdúnàádúrà.

Ẹni tó bá rò pé ewu náà ṣì jìnnà kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀ṣun lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí. Iṣẹ́ wíwa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sọ omi odò náà di pípọ́n bí omi ẹrẹ̀, ìròyìn rẹ̀ sì gba gbogbo ayé kan. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun tó wáyé ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 ń sún mọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Ìjọba àpapọ̀ ló ń fún àwọn awakùsà ní ìwé àṣẹ, ọ̀pọ̀ sì wà tí wọn kò gba ìwé kankan. Ìpínlẹ̀ ló ń tọ́jú àwọn tó bá ṣàìsàn. Àwọn ìlú ló ni ilẹ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tí gbogbo wọn jọ wà nínú rẹ̀ tó lè pariwo kí omi tó pọ́n. Ẹ̀yìn tí ọ̀ràn ti bàjẹ́ tán ni olúkúlùkù wá ń sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ òun.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà. Ní ìhà àríwá, agbègbè odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Hadejia-Jama'are-Komadugu-Yobe. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ló kàn: Kano, Jigawa, Bauchi, Plateau, Yobe àti Borno. Gẹ́gẹ́ bíi ti Ọ̀ṣun, àjọ méjì ni ìjọba àpapọ̀ pín in fún, ti Hadejia-Jama'are àti ti Chad Basin. Wọ́n kọ́ dáàmù Tiga ní ọdún 1974, wọ́n kọ́ ti Challawa Gorge ní ọdún 1992, méjèèjì wà ní Kano. Àwọn àgbẹ̀ Kano rí omi, ṣùgbọ́n àwọn apẹja, àgbẹ̀ àti darandaran tó wà nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé omi àwọn kò dé lásìkò mọ́, tàbí kó dé nígbà tí kò yẹ. Koríko oníkùn-ún dí ojú odò. Ìjà ilẹ̀ àti ìjà omi ń pọ̀ sí i.

Ní ọdún 1999 ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti mú àwọn tọ́rọ̀ kàn jókòó pọ̀. Nígbà tó di ọdún 2006, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti ìjọba àpapọ̀ fẹnu kò ní Damaturu láti dá àpò owó kan sílẹ̀ fún odò náà, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa dá owó sínú rẹ̀. Wọ́n jọ ṣe ìwé àdéhùn lórí bí wọn yóò ṣe máa pín omi. Wọ́n sì gbé àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ àti ní ìgbèríko, tí àwọn tó ń lo omi wà nínú rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan dára tán níbẹ̀. Ọwọ́ kì í dọ́gba nídìí dídá owó, ipò omi tó sì gbẹ́ ju ti Èkìtì lọ kì í jẹ́ kí ìjà tán. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ohun mẹ́ta hàn: pé àjọ méjì tó pín odò kan lè wà nínú ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo, pé àwọn gómìnà tí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn yàtọ̀ lè fọwọ́ sí ìwé kan náà, àti pé ẹni tó bá dá owó sínú àpò kì í fẹ́ pa ìpàdé jẹ.

Àwọn orílẹ̀-èdè pàápàá ń ṣe é. Àjọ tó ń bójú tó odò Ọya, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Niamey, ní ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án, Nàìjíríà wà lára wọn. Ọdún 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún un tò ní ọdún 1980. Benin àti Togo, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ní dáàmù Nangbéto tí wọ́n jọ ń lò láti ọdún 1987, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn àjọ odò Mono ní ọdún 2014. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ọdún 1964 pín orílẹ̀-èdè sí agbègbè odò mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní ilé aṣòfin omi. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀ báyìí ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ìjókòó, ogójì jẹ́ ti àwọn tí ará ìlú dìbò yàn, ogójì jẹ́ ti àwọn tó ń lo omi, ogún péré ni ti ìjọba. Kò sí ẹni tó sọ pé kí Èkìtì lọ ṣe bíi Faransé. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n kọ iye àga sílẹ̀ nínú òfin, kò sí gómìnà tàbí mínísítà tó lè fi àga àwọn tó ń lo omi ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ.

Ta wá ni ó yẹ kó wà níbẹ̀ bí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dìde ní àárín gbùngbùn Èkìtì? Àkọ́kọ́ ni àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn: àjọ Benin-Owena, àjọ Ogun-Oshun, iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀, àwọn tó ń bójú tó igbó àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí wọn kò bá sí nínú rẹ̀ yóò kàn máa sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ ni. Èkejì ni àwọn tí ìpinnu náà yóò dé bá nílé: àgbẹ̀ òkè odò, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, apẹja, àwọn tó ń ta ẹran ní odò ẹran, àwọn onílé ìlagi. Àwọn obìnrin kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan tí wọ́n fi ṣe àfikún lásán. Àwọn ló ń pọn omi, àwọn ló mọ kànga tó ń gbẹ lóṣù kejì àti èyí tí kì í gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń bọ odò. Bí ẹ̀sìn ẹnìkan kò bá tilẹ̀ fara mọ́ ti wọn, kò sí ẹni tó lè jiyàn pé èèwọ̀ wọn ló dáàbò bo igbó Ọ̀ṣun nígbà tí kò tíì sí òfin kankan.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ọba. Ìjókòó pọ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn ọba Èkìtì. Pelúpelú ti wà ṣáájú kí ìpínlẹ̀ Èkìtì tó wà. Wọ́n lè pe ènìyàn kó jẹ́, wọ́n sì lè parí ìjà ààlà tí ilé ẹjọ́ kò lè parí ní ogún ọdún. Àmọ́ ìṣọ́ra ṣe pàtàkì níbí. Ọba kan ló ní ilẹ̀ tí dáàmù wà, ọba mìíràn ló ní ìlú tí ń mu omi rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ̀kan nínú wọn di alága títí ayé, àwọn yòókù yóò máa wo ìgbìmọ̀ náà bí ààfin onítọ̀hún. Ipò tó bá àwọn ọba mu jù ni ti apẹ̀tù sí aáwọ̀, tí kò dìbò, tí gbogbo ènìyàn sì ń bọ̀wọ̀ fún.

Ní ti olórí, ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó lágbára àti ẹni tó lè kó ènìyàn jọ. Alága ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe kò ní ọlọ́pàá, kò ní ilé ẹjọ́. Ohun tó ní ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Bí àwọn ará ìsàlẹ̀ bá fura pé ti òkè odò ló ń ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Nítorí náà, ó dára kí ipò alága máa yípo láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, kí ọdún rẹ̀ ní iye, kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fúnra wọn sì dìbò yàn án. Ẹni tí kò gbọ́dọ̀ máa yípo ni akọ̀wé. Òun ló ń tọ́jú ìwé, òun ló mọ ìlérí tí ẹnìkan ṣe ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tó sì lè kà á sí i létí. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ní ilẹ̀ yìí kò kú nítorí alága búburú. Wọ́n kú nítorí pé kò sí ẹni tó ń pa ìwé mọ́, tí kò sì sí owó tí akọ̀wé yóò fi wọkọ̀.

Àwọn kan yóò ní ìgbìmọ̀ tí ènìyàn pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́, ìjẹun ọ̀fẹ́ ló máa ń dà. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé jù sẹ́yìn. Ìpàdé tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn wà, bí olúkúlùkù bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, wákàtí márùn-ún ti lọ. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń yanjú rẹ̀ ni láti pín in sí ìpele méjì: àpéjọ ńlá tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè sọ ti ẹnu rẹ̀, àti ìgbìmọ̀ kékeré tí wọ́n yàn láti inú rẹ̀, tí yóò máa ṣiṣẹ́ láàárín oṣù kan sí èkejì, tí yóò sì máa jábọ̀. Àwọn abúlé Èkìtì tó ti ní ìgbìmọ̀ omi àti ìmọ́tótó tí wọ́n ń pè ní WASHCOM, tàbí ẹgbẹ́ Fadama láyé ọjọ́un, mọ bí wọ́n ṣe ń yan alága, akápò àti akọ̀wé. Kò sí ìdí tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìjọba àpapọ̀ kò ní gbà. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Nígbà tí àbádòfin omi dé iwájú àwọn aṣòfin ní ọdún 2017, tó sì tún padà wá ní ọdún 2020, ariwo gba ìlú kan. Àwọn ènìyàn ní Àbújá fẹ́ fi ọgbọ́n gba bèbè odò lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, àbádòfin náà kò sì di òfin. Bí ènìyàn bá wò ó dáadáa, ohun tó pa àbádòfin náà kì í ṣe pé Nàìjíríà kò nílò òfin omi tuntun. Òfin omi tó wà ti wà láti ọdún 1993, ayé sì ti yí padà. Àìfọkàntán ló pa á. Àwọn tí òfin náà kàn kò rí ara wọn nínú àwọn tó kọ ọ́. Èyí gan-an ni àrùn tí ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe lè wò, nítorí pé ẹni tó bá bá wọn dá owó àwo kì í fọ́ ọ.

Ìtàn Èkìtì fúnra rẹ̀ ní ohun tó lè sọ nípa olórí àti ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà ogun Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí kò sì tán pátápátá títí di ọdún 1893, Fábùnmi ará Òkèmẹsí ló kọ́kọ́ ṣíwájú Èkìtìparapọ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ogun náà yóò gùn, wọ́n lọ pe Ògèdèǹgbé láti Iléṣà, wọ́n sì fi í ṣe olórí gbogbo ọmọ ogun. Fábùnmi kò torí èyí padà sílé. Ó dúró, ó ń jà. Àwọn ìlú tó wà nínú àjọṣe náà kò fi ọba wọn sílẹ̀, wọn kò sọ orúkọ wọn nù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ohun kan wà tí ìlú kan kò lè dá ṣe. Bí àwọn baba wọn bá lè ṣe èyí nídìí ìbọn, kò yẹ kó ṣòro fún àwọn ọmọ nídìí omi.

Ibi tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni orísun Ọ̀ṣun. Kò nílò àtúnṣe sí ìwé òfin ilẹ̀ kí ìjọba Èkìtì àti ti Ọ̀ṣun tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí odò kan. Àjọ méjèèjì tí odò náà kàn lè rán aṣojú, nítorí mínísítà kan náà ni wọ́n ń jábọ̀ fún. Àjọ DAWN tó wà ní Ìbàdàn, tí àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀ oòrùn gúúsù jọ dá sílẹ̀, lè jẹ́ ilé fún akọ̀wé rẹ̀. Àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó lè fohùn ṣọ̀kan lórí Àmọ̀tẹ́kùn ní oṣù kìíní ọdún 2020 kò lè sọ pé àwọn kò mọ ọ̀nà ìpàdé. Bí ti Ọ̀ṣun bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, Oǹdó àti Ẹdó yóò fẹ́ wá jókòó lórí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ àti Ọ̀wẹ̀nà. Ohun tí àwọn ará Ìgèdè àti Adó gbọ́dọ̀ máa béèrè láti òní lọ kò ju mẹ́ta lọ: àga mélòó ni tiwa, ta ló yan ẹni tó jókòó sórí rẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò wá jábọ̀? Odò kì í ṣàn kó gbàgbé orísun rẹ̀. Ètò tó bá gbàgbé àwọn tó ń gbé ní orísun, gbígbẹ ni yóò gbẹ.